Ta Ni Yóò Sìn Yín Dọ́nà?

Dúrótìmí ti fa okùn iná ẹ̀rọ náà yọ, síbẹ̀ iná pupa ara ẹ̀rọ ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Ọ̀sán gangan ni, ní Pobè, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló to ẹ̀rọ orin náà, àpótí onígi tí okùn kún ojú rẹ̀. Kì í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi dùùrù. Ohùn ló fi ń darí rẹ̀. Bí ohùn tó rán sínú rẹ̀ bá gòkè, tiẹ̀ náà á gòkè. Bó bá dákẹ́, òun náà á panu mọ́. Ohùn tó wá rán sí i láàárọ̀ ọjọ́ yìí ni kò yẹ kó rán: arò tí Tàǹtí Èjìdé, àbúrò bàbá rẹ̀, dá nígbà tí wọ́n sin bàbá náà ní Ahoyéyé.

Nínú ilé wọn, bí arò bá ń parí lọ, ẹni tó ń dá a á béèrè lọ́wọ́ òkú pé, "Ta ni yóò sìn yín dọ́nà?" Àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ fèsì pé, "Èmi ni." Lọ́jọ́ náà, Dúrótìmí kò fèsì. Fóònù wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó ń gba ohùn sílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohùn tirẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló dí i lọ́fun. Wọ́n ń kí i kú ara fẹ́ra kù, ó sì ń gbà á, ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n!

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Arò ti parí, ẹ̀rọ kò dákẹ́. Ó ń kùn ní ohùn ìsàlẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún kùn, bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó ń retí èsì. Nígbà kẹta, Dúrótìmí gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí bàbá máa ń wú kó tó wọlé. Ló bá pe tàǹtí rẹ̀. Kí ọ̀kadà zémìjàn tó gbé obìnrin náà dé, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ Dúrótìmí lára fún òógùn.

Tàǹtí Èjìdé tẹ́tí. "Ohùn ta lo kó sínú eléyìí?"

"Tiyín ni, Tàǹtí. Mo gbà á lọ́jọ́ ìsìnkú."

"Ìgbà tí mo béèrè tí o ò fèsì ńkọ́? Kì í ṣe ẹkún?"

Ojú gba Dúrótìmí tì, kò lè gbórí sókè. "Kì í ṣe ẹkún. Mi ò fẹ́ kí ohùn mi bọ́ sínú ẹ̀ ni."

Obìnrin náà kò bínú. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bá ẹ sunkún. Fèsì."

"Èmi ni, Bàbá."

Iná kú. Ẹ̀rọ dákẹ́. Dúrótìmí mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ń ká okùn. Tàǹtí Èjìdé kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnìkan wúkọ́ níta, nínú oòrùn, níbi tí kò séèyàn.

"Ìwọ lo ní ìwọ ni yóò sìn wọ́n dọ́nà," Tàǹtí wí jẹ́jẹ́. "Wọ bàtà ẹ. Bàbá ẹ ò fẹ́ràn kéèyàn máa dá wọn dúró."