Bàtà Igi fún Hilke

Ọjọ́ tí wọ́n ń fi omi àti ìgbálẹ̀ fọ títì fún àjọ̀dún òdòdó ni Wessel kọ́kọ́ rí Hilke. Omi ti rin yẹ̀rì rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fọ ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹun lórí rẹ̀. Òdòdó túlíìpù pupa tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ráyè òdòdó?

Wessel sún mọ́ ọn, ó rí fìlà funfun orí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Fìlà abilékọ ni. Nílùú wa, bí a bá ti wọ aṣọ tí àwọn baba ńlá wa kó ti Họ́láńdì wá, fìlà ní í sọ ẹni tó ti rílé ọkọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sá fún un. Hilke fúnra rẹ̀ ló wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gbẹ́ bàtà igi.

"Bọ̀dá oníbàtà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ọkọ wo?"

"Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dé fìlà yẹn."

Hilke rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Fìlà ìyá àgbà mi ni. Tèmi ti fún mi lórí. Ẹ ò lè béèrè?"

"Ẹ̀rù ohun tẹ́ ẹ máa sọ ló bà mí."

Kí oṣù náà tó parí, "ẹ" ti di "ìwọ", wọ́n sì ti fẹ́ràn ara wọn dénú. Àmọ́ Sjoerd, bàbá Hilke, jẹ́ alàgbà ní ìjọ kejì, ìjọ tó ti bá ti Wessel pín yà láyé àwọn bàbá àgbà. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ, síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ra. Nílé Wessel sì rèé, ọkọ ìyàwó ló ń gbẹ́ bàtà ìgbéyàwó, bàbá ìyàwó ló sì gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ wá. Sjoerd ní òun ò mú nǹkan kan lọ síbì kankan.

"Ẹsẹ̀ mi rèé, olówó orí mi. Wọ̀n ọ́n."

"Rárá, Hilke. Mi ò fẹ́ jí ọ gbé."

Òjò dídì rọ̀, ó yọ́. Wessel ò gbẹ́ bàtà ìgbéyàwó kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Sjoerd wọ ṣọ́ọ̀bù Wessel, ó ṣí fìlà, kò jókòó.

"Ọmọ mi kì í kọrin nílé mọ́," ló wí. "Ilé náà ti dákẹ́ jù fún mi."

Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì. Ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká.

"Tòsì tóbi díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Bí ti ìyá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Má jẹ́ kó fún ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

"Kò ní fún un, bàbá mi."