Obìnrin Tí Kò Gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ ńlá aláràbarà tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré sókè, tí àwọn ọmọdé bí ogún fi ariwo kó sábẹ́ rẹ̀, ni ojú Jelmer ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti obìnrin tó di etí aṣọ mú lódìkejì. Òjò ṣì ń kán láti irùngbọ̀n Jelmer. Nayra, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, rọ̀ mọ́ itan rẹ̀ bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Bàtà kéékèèké fọ́n káàkiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé kan. Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, ojú dúdú méjì péré ló rí. Aṣọ wálẹ̀, ojú náà pòórá. Wọ́n tún gbé e sókè: obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ta ni yìí?" obìnrin náà béèrè ní Sípáníìṣì.

Jelmer kò gbọ́. Ó kàn fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "Nayra."

"Ó dáa. Bàbá Nayra, ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá di igun yìí mú." Ọwọ́ ló fi túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jelmer ti fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ yìí káàkiri ìlú Utrecht, tó ń wá ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ní Sípáníìṣì. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó rí ti tú. Èkejì ní kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ̀kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Maritza, ìyá Nayra, ọmọ Arequipa ní Peru, ti kú kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni ìyá àgbà máa ń pè láti Arequipa, tí yóò máa ké "ọkàn mi, ọmọ ọmọ mi" lójú fóònù, tí Nayra yóò sì sá sẹ́yìn àga nítorí pé kò gbọ́ Sípáníìṣì tó ń sọ. Ìyá àgbà ń bọ̀ ní oṣù Kẹrin. Ara Jelmer kò lélẹ̀. Ṣé ọmọ yóò máa wo ìyá tó bí ìyá rẹ̀ bí àlejò ni?

Amparo lorúkọ obìnrin náà. Òun ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, òfin rẹ̀ sì le: ẹni bá ti bọ́ bàtà, kó bọ́ Dọ́ọ̀ṣì, èdè tí gbogbo ìlú ń sọ, sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ a máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá fi Dọ́ọ̀ṣì tọrọ omi, Amparo yóò kàn máa wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín títí ọmọ yóò fi rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Ìyá mẹ́ta péré ló mọ̀ pé òpópónà karùn-ún sí ibẹ̀ ni wọ́n bí Amparo sí, pé bàbá àgbà rẹ̀ ló ti Spéìn wá ṣiṣẹ́ irin ní Utrecht, tí kò padà mọ́.

Jelmer kò sí lára àwọn tó mọ̀.

"Bàbá Nayra, ẹ rọra kọrin o," Amparo á ní ní Sípáníìṣì, "àwọn ẹyẹlé ti sá kúrò lórí òrùlé." Àwọn ìyá á bú sẹ́rìn-ín. Jelmer náà á rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Sátidé kẹrin, àwọn méjèèjì jọ ń gé ọsàn fún àwọn ọmọ nígbà tí Froukje, ẹ̀gbọ́n Jelmer obìnrin, pè é lórí fóònù. Jelmer rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn ní Dọ́ọ̀ṣì.

"Froukje, mo ti kú. Kì í ṣe tìtorí Nayra nìkan ni mo ṣe ń tètè jí ní Sátidé mọ́. Ṣé o fẹ́ pariwo ni? Ó dúró tì mí báyìí. Fọkàn balẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, mi ò ní mọ ohun tí mò ń gé mọ́."

Ọbẹ Amparo dúró sínú ọsàn. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó la ẹnu, àmọ́ àwọn ọmọ yí i ká, gbogbo wọn ń nawọ́. Ó pín ọsàn fún wọn.

Àfi bí Jelmer ṣe sọ ọ́ di àṣà. Bí wọ́n bá ń kó ohun ìṣeré sínú àpótí, á máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní Dọ́ọ̀ṣì, bí ẹni ń bá odò sọ̀rọ̀.

"O ò gbọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Amparo. Bí mo bá wò ọ́ pẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń ja Maritza lólè."

Amparo á kọrin sókè kí omijé má baà yọ. Nílé, kò lè jókòó. Á fọ abọ́ dé ìdajì, á fi í sílẹ̀, á wọ ẹ̀wù òtútù, á máa rìn kiri etí odò.

"Kí ló ń lé ọ kiri?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Màmá, bí mo bá sọ fún un, á lọ."

"Bí o ò bá sọ ńkọ́?"

Amparo tún wọ ẹ̀wù òtútù, ó jáde.

Nínú oṣù Kẹta, oòrùn yọ, ẹgbẹ́ sì gbé eré lọ sí etí odò tó gba àárín ìlú kọjá. Nayra rí pẹ́pẹ́yẹ kan, ó sáré tẹ̀ lé e.

"Nayra, dúró! Jelmer, omi! Di ọmọ mú!"

Amparo ló ké, ní Dọ́ọ̀ṣì, Dọ́ọ̀ṣì ọmọ Utrecht pọ́ńbélé. Jelmer fò, ó gbá ẹ̀wù ọmọ mú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú omi. Ó gbé e mọ́yà títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Ó wá yíjú sí Amparo.

"Ẹ gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì."

"Ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá, Jelmer."

Etí Jelmer pọ́n bí ẹyin iná. "Ẹ ṣeun tí ẹ gba ọmọ mi là," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù bíi yìnyín. Ó gbé Nayra sórí kẹ̀kẹ́, kò wẹ̀yìn.

Sátidé kan kọjá, èkejì kọjá, kò wá.

"Ẹ̀yin náà ni," Ìyá Leandro, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́, ará Chile tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, sọ fún Amparo. "Ọkùnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí ẹnu fi ń bó, ẹ kàn ń kó ohun ìṣeré!"

"Ìyá Leandro, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ lọ dá a lóhùn."

Ọjọ́ yẹn ni Amparo kọ lẹ́tà, ní Dọ́ọ̀ṣì. Kò fi èdè yẹn kọ ọ̀rọ̀ ọkàn rí. Èdè ọ́fíìsì ni lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà Jelmer, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà láìtẹ aago. Oṣù Kẹrin ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní ọ̀sán Wednesday, ó rí àkàbà lára igi kan létí odò, ó sì rí bàtà iṣẹ́ Jelmer láàárín ẹ̀ka. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ń gé ẹ̀ka igi fún ìlú.

"Jelmer! Sọ̀kalẹ̀!"

Ẹ̀ka kan mì. Ohùn kan wá já bọ́ láti òkè, ní Sípáníìṣì tó ń tiro:

"Ẹ má bínú, ìyáàfin. Mi ò gbọ́ Dọ́ọ̀ṣì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Amparo, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. "Ó tọ́ sí mi. Fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kì í ṣe ìbínú ló lé mi," ó ní. "Ìtìjú ni. Mo bọ́ra sílẹ̀ níwájú rẹ, ìwọ sì wọṣọ dé ọrùn."

"Mo mọ̀. Nayra ńkọ́?"

"Ní Sunday, ó sọ fún ìyá àgbà pé ebi ń pa òun. Ní Sípáníìṣì! Ìyá àgbà sunkún títí. Ó bi mí pé ta ló kọ́ ọ."

"Kí lo sọ?"

"Mo fi Sípáníìṣì díẹ̀ tí mo ti kọ́ sọ pé obìnrin kan ni. Ó ní kí n mú un wá pàdé òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú." Jelmer wo ilẹ̀. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú un lọ, nígbà tí mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀? Òun ló mọ tèmi."

Amparo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù. Etí lẹ́tà náà ti ń ká.

"Gbogbo ohun tí o sọ fún mi, mo dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti Maritza. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìbéèrè kan wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin ló máa ń bi obìnrin kó tó gbé e níyàwó."

Jelmer nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò. Ó wò wọ́n, ó tún wọn nù. Amparo nawọ́ lẹ́tà náà sí i, ó sì gbà á.