Ìjókòó Ẹ̀yìn Alùpùpù Tíṣà

Nígbà tí alùpùpù Ìbítóyè kú lẹ́ẹ̀kẹta ní ojú kan náà, ní ọ̀nà Kabba sí Ekinrin-Adde, ó kíyè sí i pé kì í kú bí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́. Ṣe ni ó máa ń rọra dákẹ́, bí ẹni tí ó dúró de èèyàn kan. Àárọ̀ ni, oòrùn ti ràn. Oko iṣu wà lọ́tùn-ún, igi igbá kan wà lósì. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, síbẹ̀ òórùn aáṣáà gba gbogbo ibẹ̀.

Tíṣà ni Ìbítóyè ní Ekinrin-Adde, Kabba ni ó ń gbé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, òun yóò kọ̀wé kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú tí ó jìnnà. Oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú Ayọ̀kẹ́mi, ìyàwó rẹ̀. Kí ó má baà máa pẹ́ ni ó ṣe ra alùpùpù pupa tí ó ń sáré bí ẹtu yìí.

Lájídé, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Kabba, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fọ kábúrétọ̀, ó wo bátìrì, ó tọ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó gùn ún yí ìlú ká, kò kú.

"Tíṣà, máṣìn yìí ò lárùn," ni ó wí, bí ó ti ń nu ọwọ́. "Kí lo yọ kúrò lára rẹ̀?"

Ìbítóyè jẹ́wọ́ fún un. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ó yọ, àti irin tí ẹni ẹ̀yìn ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí ó lè yára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà oko yẹn, ẹni tí ó ní máṣìn kì í ré àgbà kọjá. Yóò gbé e dé ilé ni. Ó ti sú Ìbítóyè láti máa dúró gbé àwọn bàbá tí wọ́n sùn lóko, tàwọn tẹrù iṣu wọn. Láti ìgbà tí ó ti yọ ìjókòó náà, bí wọ́n bá nawọ́ sí i, yóò kàn tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kò sí àyè.

Lájídé rẹ́rìn-ín. "O wá gé ìdí máṣìn nítorí àwọn arúgbó? Lọ gbé ìjókòó yẹn wá jàre. Bí kò bá tún máṣìn ṣe, yóò tún ìwà rẹ ṣe."

Wọ́n dè é padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, alùpùpù tún dákẹ́ lábẹ́ igi igbá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí agogo ilé ẹ̀kọ́ lù. Òórùn aáṣáà dé. Ìgbà náà ni Ìbítóyè rántí bàbá kan tí ó fara ti igi yìí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó ń fín aáṣáà, tí ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí ó nawọ́ sí i. Ó ti tọ́ka sẹ́yìn fún un, ó sì ti sáré kọjá.

Orí rẹ̀ wú. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Okun o, Bàbá," ni ó kí i, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ má bínú. Àyè ti wà. Ẹ gùn ún."

Ẹ̀yìn alùpùpù rì wálẹ̀. Ohun kan tí ó tutù bí irin kàn án ní ìhà. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sáré. Kò wo dígí. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká lẹ́ẹ̀mejì, bí èrò ṣe ń ṣe bí ó bá dé ibi tí yóò ti sọ̀. Ó dúró níwájú ilé alámọ̀ kan. Ẹ̀yìn alùpùpù gbéra sókè.

Obìnrin kan tí ń bó iṣu lẹ́nu ọ̀nà wo ìjókòó tí ó ṣófo náà, ó wo Ìbítóyè. Rachel ni wọ́n ń pè é.

"Níbo lẹ ti gbé wọn?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

Ìbítóyè sọ fún un. Obìnrin náà ní bàbá òun ni. Àìsàn ṣe é lóko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti rí i. Wọ́n ti sin ín, ṣùgbọ́n ilé kò rójú láti ìgbà náà. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò tíì dé.

Ìbítóyè kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Mà, èmi ni mo ré wọn kọjá."

Kí Rachel tó lanu, ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá tí wọ́n tì pa, ikọ́ gígùn bíi ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ tí ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé parọ́rọ́.

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó rín.

"Bàbá ti wọlé," ni ó wí. "Ẹ dìde, Tíṣà. Àwọn ọmọ ń dúró dè yín."

Agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù nígbà tí ó wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá wà lẹ́nu géètì, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì yà fún un láti kọjá. Ìbítóyè mí kanlẹ̀.