Ẹ̀rọ Ìmí Òkun Kọ́ ni Ẹ̀rọ Ìmí Adágún Tútù

Alákàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lè bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á bí ẹni ń fa gbòǹgbò igi.

"Ẹsẹ̀ yín tutù bí òkú."

"Òkú kì í dáni lóhùn. Èmi ń dá ọ lóhùn."

"Ẹ má bá mi ṣàwàdà, ó ti rẹ̀ mí."

Ó rẹ Alákàn pẹ̀lú. Ogún ọdún ló fi ń wọ abẹ́ òkun ní èbúté, tó ń jó irin ìdí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Alákàn, torí pé ìrìn rẹ̀ nísàlẹ̀ omi yá ju tòkè lọ. Ní oṣù yìí, ilé-iṣẹ́ omi gbé iṣẹ́ adágún orí òkè fún un, níbi tí òtútù ti ń mú eyín gbá eyín. Ilẹ̀kùn irin tó ń dá omi dúró ló há, ní ogójì mítà nísàlẹ̀, nínú ihò kọnkéré tó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wàhálà bá dé níbẹ̀, èèyàn kò lè fò sókè tààrà. Òrùlé kọnkéré ni yóò forí sọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ dán omi wò, ní mítà mẹ́wàá péré. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀rọ ìmí tó wà lẹ́nu rẹ̀ fi ya wèrè. Afẹ́fẹ́ ń tú wuuru, kò dúró mọ́, sílíńdà sì ń gbẹ lọ. Ó gòkè, ó palẹ̀ mọ́, kò sì sọ fún ìyàwó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń rùn bí rọ́bà àti gírísì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gba lọ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó tẹ̀ lé e, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó pè é.

"Tún un ṣe fún mi kíákíá. Ọjọ́ Túsìdeè ni mò ń wọ ihò yẹn."

Àbúrò tú u palẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Bọ̀dá, nǹkan kan ò ṣe é."

"Nǹkan kan ò ṣe é kẹ̀? Ohun tó fẹ́ pa mí lánàá!"

"Ó fẹ́ pa ta ni?" ni ìyàwó bèèrè.

Alákàn fọwọ́ pa ẹnu. "Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù."

"Ẹni tó pa òwe yẹn ò wẹ omi yìnyín rí," ni àbúrò fèsì. "Ẹ wo ibí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ sílíńdà, bó bá ń tú jáde, ṣe ló máa ń tutù rinrin. Òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á yọ́ òtútù yẹn dànù. Ṣùgbọ́n adágún yín fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Orí ẹ̀rọ yín yìí, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ sílíńdà, ṣí sílẹ̀, omi ń dé ibi sípíríǹgì. Omi á dì, sípíríǹgì á há, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ò ní pa dé mọ́."

"Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Kí lẹ ṣe létí omi kẹ́ ẹ tó wọlé?"

"Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní èbúté. Mo mí sí i lẹ́ẹ̀meje, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kó fẹ́ eruku dànù."

Àbúrò káwọ́ lérí. "Ẹ fọwọ́ ara yín gbin yìnyín! Omi wà nínú èémí èèyàn. Nínú òtútù yẹn, ó ti ń dì kẹ́sẹ̀ yín tó kan adágún. Inú ilé tó móoru lẹ ti máa dán an wò. Bẹ́ ẹ bá détí omi, ẹ má mí sí i àfi bó bá ti rì sábẹ́ omi."

"Mo ní ẹnu ìmí kejì tí mo fi kọ́rùn, bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́."

"Orí kan náà ló gbé méjèèjì. Bí orí bá dì, ẹnu méjì ló kú lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìyàwó ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ lọ sókè.

"Ogún ọdún ni mo fi ń wo aago, tí mò ń retí kó ti inú omi jáde. Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí, ojú ń dùn mí."

Alákàn fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá ibi iṣẹ́. "Sà, Túsìdeè ò ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ ìmí wa kì í ṣe ti omi tútù."

"A ti sọ fún aráàlú pé omi á yọ!" Ohùn ọ̀gá gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. "Ìwọ, Alákàn, ṣé ẹ̀rù ló ń bà ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó pẹ́ tó ti yẹ kó bà mí."

Ó pa fóònù. Nígbà tó yíjú, ìyàwó rẹ̀ ti gbórí lé tábìlì, láàárín rọ́bà àti gírísì, ó ti sùn fọnfọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi abẹ́ omi jẹun, òmùwẹ̀ ni odò ń gbé lọ. Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ ìmí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ṣé rọ́bà bo orí rẹ̀ pátápátá, tí omi tútù ò fi ní dé ibi sípíríǹgì? Bó bá ń kólòlò, ẹ kọjá. Ẹni tó bá ń wọ ihò, tàbí ibi jíjìn tí kò ti lè gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, sílíńdà méjì ni kó gbé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀ àti ẹnu tirẹ̀. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń fọ́nnu. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, ì báà máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá tó bá sì ní kẹ́ ẹ wọlé láìní ohun èlò, ẹ ní kóun kọ́kọ́ wọlé.