Ọkùnrin Tí Ìwé Sọ Pé Ó Ti Kú

Ojú fèrèsé òkè ni Akọ̀wé ti kọ́kọ́ rí i. Kùrukùru odò ti bo àdúgbò náà láti àárọ̀, ó bo òrùlé, ó bo igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọwọ́ tí obìnrin akọ̀wé náà fi di fáìlì mú. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yẹn hàn kedere lẹ́yìn gíláàsì. Ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Ó sì rẹwà. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí i. Ọkùnrin náà kò juwọ́ padà.

Ó kanlẹ̀kùn. Kò tíì gbọ́wọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn tó fi ṣí, ojú kan náà gan-an ló sì yọ sí i, pẹ̀lú èérún igi nínú irun àti pẹ́ńsùlù lẹ́bàá etí.

Akọ̀wé fà sẹ́yìn. Ó gbójú sókè. Ẹni tó wà lójú fèrèsé ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń wò ó.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Fọ́tò ni. Ìkejì mi ni, ìbejì ni wá. Màmá wa ló gbé e síbẹ̀ kó lè máa rí títì."

Akọ̀wé gbé fáìlì rẹ̀ sókè. "Mo wá láti ọ́fíìsì ìdìbò. Ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó kọjá, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó wá dìbò láti àdúgbò yín. Wọ́n ní kí n wá wo ohun tó fà á."

Ó ṣí ìwé orúkọ olùdìbò. Orúkọ méjì wà ní ojúlé yẹn tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti fi bíírò pupa fagi lé ọ̀kan, wọ́n kọ "kú" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó nàka sí èkejì. "Ẹ̀yin nìyí, àbí?"

"Rárá o. Èyí tí wọ́n fagi lé ni mí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀. Kí Akọ̀wé tó mọ ohun tó máa wí, ohùn arúgbó obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó pe orúkọ kan. Orúkọ tí wọn kò fagi lé ni.

"Mà!" ni ọkùnrin náà dáhùn, ó sì sáré gòkè lọ.

Káfíńtà ni. Lójoojúmọ́ tí Akọ̀wé bá padà wá, òun ló ń mú un kiri, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ohùn á kọ́kọ́ dáhùn láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, aṣọ fèrèsé á mì, lẹ́yìn náà ojú kan á yọ, á wo ẹsẹ̀ Káfíńtà kó tó wo ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ yín?"

"Wọ́n ń wò bóyá ó kanlẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Wọn ò mọ èwo nínú wa ló kù. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tó ti fẹ́ máa lọ."

Ohun tí Akọ̀wé gbọ́ lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Òdì kejì odò ni ibùdó ìdìbò wà, ọgọ́rin àtẹ̀gùn ló sì gun orí afárá. Ìyá aránṣọ kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ìgbà tí mo dìbò kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi." Bàbá afọ́jú kan béèrè pé, "Ẹni tó máa bá mi tẹ̀ka, ṣé ẹni tó wù mí ló máa tẹ̀ ẹ́ fún, àbí ẹni tó wù ú?" Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé àpótí ìbò wá sí gbọ̀ngàn alágbàfọ̀ tó ti di àpatì ní òpin títì. Ọ̀gá gbà, ó ní àfi bí gbogbo ènìyàn bá lè wọlé síbẹ̀, títí kan oníkẹ̀kẹ́ arọ.

"Ìyẹn nìkan?" ni Káfíńtà wí. Ó gbé pákó àti òòlù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sójú ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kí kẹ̀kẹ́ lè gun ún wọlé.

Gbọ̀ngàn náà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dá dúró sí. Àwọn ọpọ́n irin ńláńlá tí wọ́n fi ń fọṣọ láyé àtijọ́ ṣì tò síbẹ̀, wọ́n ṣófo. Bí Káfíńtà bá lu ìṣó lẹ́ẹ̀kan, gbọ̀ngàn á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń gba ìta kọjá máa ń sọ pé ìkejì rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́.

"Àǹtí Fọ́ọ̀mù," ni Káfíńtà wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ṣé ẹ ní fọ́ọ̀mù fún òkú tí ebi ń pa?"

Akọ̀wé bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. "Fún òkú tó ń sọ̀rọ̀ jù nìkan la ní."

Wọ́n jẹ ẹ́ lórí pákó, ejìká wọn kan ara wọn. Ibẹ̀ ni Káfíńtà ti sọ fún un pé omi ló gbé ìkejì òun lọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, pé Màmá ló lọ kọ orúkọ ẹni tó kú sílẹ̀ lọ́fíìsì, orúkọ tòun ló sì dá. Láti ọjọ́ náà, orúkọ olóògbé ni Màmá ń pe òun nílé, òun sì ń jẹ́ ẹ.

"Nígbà mìíràn tí mo bá ń fá irùngbọ̀n, mo máa ń bi ẹni inú dígí pé, ìwọ wo nìyí? Ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn."

Ara Akọ̀wé bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, ó le, ẹ̀gún igi kan wà nínú àtàǹpàkò rẹ̀. Ó yọ píìnì kan nínú irun ara rẹ̀, ó fi yọ ẹ̀gún náà.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Yéè! Ó dùn mí."

"Ó dáa. Ìwọ nìyẹn."

Láti ìgbà yẹn, kò sí "ẹ" ọ̀wọ̀ láàárín wọn mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ kí ìbò pé, Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọkàn Akọ̀wé fò fáyọ̀, àfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe béèrè ohun mìíràn. "Orúkọ wo ni wàá fi fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó?"

Káfíńtà tún òòlù náà gbé.

"Orúkọ tó wà láàyè nínú ìwé, olóògbé ló ni ín. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mi ò bá pàdé rí. Ìwọ ni mo fẹ́." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹni tó dárúkọ òkú nìkan ló lè wá tún un ṣe, ẹnu ara rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé."

"Mi ò lè ní kí Màmá sọ ọ́," ni Káfíńtà wí. "Ó máa pa á."

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gòkè lọ. Màmá jókòó ti fọ́tò náà lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí Akọ̀wé.

"Mo mọ̀ ẹ́," ni arúgbó náà wí. "Ìwọ lo fẹ́ fi bíírò pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

"Màmá, ẹ dákun..."

"Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní dandan ni kí n dárúkọ ẹnì kan. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà láàyè. Èyí tó lọ ńkọ́? Ta ló máa bá a sọ ọ́?"

Akọ̀wé pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mi ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, mà. Irú ọmọ wo ni?"

Màmá yí ojú padà. Ọdún mẹ́rin nìyí, ẹnikẹ́ni kò bi í rí. Wọ́n kàn ń yà fún ilé náà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Akọ̀wé fi lọ jókòó síbẹ̀ láràárọ̀. Ó gbọ́ pé olóògbé a máa súfèé bó bá ń jẹun, pé ẹ̀rù omi máa ń bà á. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá sọ ìyókù.

"Ọjọ́ ìbò ni. Arúgbó mẹ́fà ló sọ fún un pé àwọn ò lè gun afárá. Ó ní òun máa lọ yá ọkọ̀ ojú omi, òun á fi gbé wọn kọjá. Kùrukùru bolẹ̀ bíi tòní. Gbogbo wa dúró létí odò. Ìgbà tó yá, ọkọ̀ náà yọ, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń tù ú. Ó wá gúnlẹ̀ síwájú mi." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀."

Akọ̀wé wá mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi dìbò nígbà yẹn. Ó kúnlẹ̀.

"Àwa ló yẹ ká wá bá yín, mà. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa wá wa lọ. Ẹ má bínú sí wa."

Màmá wò ó pẹ́. Ó tún yíjú sí fọ́tò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pa ìwé dé, Akọ̀wé gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì kó tó rí ẹnikẹ́ni nínú kùrukùru. Ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Ẹsẹ̀ kan, ìsinmi. Màmá ló yọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti gun ọgọ́rin àtẹ̀gùn afárá kó tó débẹ̀. Káfíńtà wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Màmá kò jẹ́ kó di òun mú.

Ó dúró síwájú tábìlì, ó di etí tábìlì náà mú gírígírí, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí Akọ̀wé ṣe gbé bíírò, Màmá sọ fún un pé, "Kọ ọ́ dáadáa, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó wọ́."

Lẹ́yìn náà, Màmá jáde sórí àtẹ̀gùn, ó pe Káfíńtà ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Káfíńtà bojú wẹ̀yìn, ó ń wò bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Màmá tún un pè, ohùn rẹ̀ ti ya.

"Mà," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn, ó sì bú sẹ́kún.

Ọjọ́ ìbò pé. Àwọn arúgbó jáde láti inú kùrukùru lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bí wọn. Kẹ̀kẹ́ ìyá aránṣọ gun pákó wọlé, kò dún kíún. Bàbá afọ́jú fi ìka ka àwọn àmì tó yọ lórí páálí tí Akọ̀wé gbà wá fún un, ó dá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá ló di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí Káfíńtà wọlé, Màmá kò tíì pa á dé. Ó ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Atẹ́gùn tútù kan wọlé, ó kọjá lára Akọ̀wé. Nígbà náà ni Màmá wá rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ti gbé àpótí lọ, Káfíńtà rí Akọ̀wé níbi tó ti ń to àga. Ó dárúkọ ara rẹ̀ fún un, odindi, bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

"Inú mi dùn láti mọ̀ ẹ́," ni Akọ̀wé wí.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó gùn o."

"Máa kà á fún mi."

Akọ̀wé gbé àga méjì síwájú ara wọn. Wọ́n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè àkọ́kọ́ fún un láìwòwé.