Rọ́bà Ìgbà Mẹ́ta

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ewé kókò bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí lẹ́nu rẹ̀. Akínbáyọ̀, tó ni oko náà, gbàgbé ọkọ́ sí èjìká.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kókò mi ṣẹ̀ yín ni?"

"Kò ṣẹ̀ mí. Ara rẹ̀ ni mo fẹ́ yá."

Ẹniọlá ni, ọmọ Adja-Ouèrè tó ń kàwé ní yunifásítì Calavi. Ó ní àwọn gọngọ kéékèèké tí ojú kò rí wà lára ewé náà, tí kì í jẹ́ kí omi dúró lé e. Òun yóò da rọ́bà ṣíṣàn sí i. Bó bá le, òun yóò bó o, òun yóò fi tẹ ike gbígbóná bí òǹtẹ̀, ike náà yóò sì dà bí ewé. Rọ́bà ìgbà mẹ́ta péré ló kù. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò lọ.

Akínbáyọ̀ já ewé kan fún un. Ẹniọlá ti da rọ́bà tán kí ọkùnrin náà tó fi ìgbéraga sọ pé, "Mo ti fọwọ́ nù ún mọ́ fún yín."

Àwọn gọngọ náà ti bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Rọ́bà kan ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹniọlá da ìkejì sórí ewé tuntun, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ Akínbáyọ̀ kò gbélẹ̀. Lọ́sàn-án, ó ṣí etí rọ́bà wò. Kò tíì le, ó fà bí ilá, ìyẹn náà bàjẹ́.

"O ò lè jókòó ni?" ni Ẹniọlá jágbe.

"Ìwọ ni o ò jẹ́ kí n lè jókòó."

Ẹniọlá tẹrí ba, ó ń ha rọ́bà kúrò lára ewé.

Lọ́jọ́bọ̀, Akínbáyọ̀ jókòó ti rọ́bà tó kẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀, Ìyábùnmi, wá pè é. "Ọmọ Calavi á gba ewé, á lọ. Wá bá mi fún epo."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè dìde."

Ó ń lé adìyẹ kúrò nídìí rọ́bà, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìyá wò ó títí. Kò rí i kó jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ gbé gàrí wá fún un níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ẹniọlá bó rọ́bà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ike gbígbóná, ó wọ́n omi sí ike náà. Omi yí kúrò, kò rin ín. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú: ọ̀la ni Ẹtì.

"Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dé ilé bàbá ẹ?" ni Akínbáyọ̀ bi í.

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Èmi kọ́. Àwọn ẹbí mi ni."

Ẹniọlá kọ́kọ́ wo ojú Ìyábùnmi, tó wá gbé abọ́ gàrí rẹ̀. "Kí wọ́n béèrè bàbá mi, Armand aránṣọ, lẹ́yìn ọjà. Ilé ni mò ń sùn lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún un."

"Sọ fún un," ni Ìyábùnmi dáhùn, "pé ọjọ́ Àìkú la ń bọ̀."