Òkúta tí Ìyá Fi Ń Dán Ìkòkò

Orí àpótí tó máa ń jókòó lé mọ ìkòkò ni wọ́n bá Ìyá sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú amọ̀, ṣùgbọ́n kò mí mọ́. Kò ṣàìsàn tí ẹnikẹ́ni mọ̀ sí. Ife omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì. Adúmáradán, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì, ló gbé omi náà fún un.

Ìyá ló kọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ méjèèjì níṣẹ́ ìkòkò mímọ. Ìyálé, ìyàwó àkọ́bí, ti lo ọdún mẹ́rìnlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adúmáradán kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí Ìyá kú, ó mú òkúta roboto tó fi ń dán ìkòkò, èyí tí ìyá tirẹ̀ náà lò, ó fi lé Adúmáradán lọ́wọ́. "Ọwọ́ rẹ fúyẹ́," ló wí. Ìyálé wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bá a yọ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì fi gèlè bojú sunkún. Òjòwú ò lẹ́ran láyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣẹlẹ́yà. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin Ìyá, Alágbàfọ̀ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà wá kí wọn. Aṣọ gbogbo àdúgbò ni obìnrin yìí ń fọ̀, ó sì mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ kálukú.

"Irú ikú wo wá lèyí, Ìyálé? Obìnrin tó le koko bí ẹni tí yóò sin gbogbo wa!"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o," ni Ìyálé dáhùn, ó ń ṣa ewé kúrò lára amọ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló gbé omi fún un kẹ́yìn?"

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì parọ́. Ó kàn sọ ọ́ kí àyà rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀ ni, ó sì fúyẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Èyí kò fọ́ rárá. Ó di adìyẹ, ó ń rìn kiri àdúgbò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, létí kànga, obìnrin kan fa Ìyálé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ó ti gbọ́? Wọ́n ní omi tí Ìyá mu funfun bí ẹfun, àti pé bó ṣe gbé e mì ni ẹyẹ kan fò jáde lójú fèrèsé. Orí Ìyálé wú. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde ti pààrọ̀ aṣọ, kò sì dá a mọ̀ mọ́. Ó wò ó pé bí àwọn ará etí kànga bá ti mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé òótọ́ lọkàn òun ti ń sọ fún òun. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù Adúmáradán ti ń bà á ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn lékeléke dé. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tò sí etí kòtò tí wọ́n ti ń wa amọ̀, méje gééré, bí ẹni ń ṣèpàdé. Bí Adúmáradán bá dé bẹ̀, wọn kì í sá. Ìyálé fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó kà wọ́n. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú kòtò, "Ìyá mi, Ìyá mi," ó sì ń nu ojú. Ìyálé kò dúró gbọ́ ìyókù.

"Èmi ò ní wa amọ̀ níbẹ̀ mọ́," ló sọ fún àwọn obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí etí odò."

Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Adúmáradán nìkan ló kù sí kòtò àtijọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bó bá ti yọ ni wọ́n ń dákẹ́.

Iná kan náà ni wọ́n fi sun ìkòkò gbogbo wọn. Ìkòkò jáde, ó dán, ó dún gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó, wọ́n ń là, wọ́n ń dún pá! pá! lórí ìjókòó wọn. Ti Adúmáradán nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n sun ìkòkò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ló rí. Ibà tún dá ọmọ Ìyálé dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Alágbàfọ̀ wí. "Àbí ẹ fẹ́ kí ó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín ni?"

Adúmáradán lọ bá Ìyálé lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ìyálé mi, kí ni mo ṣe fún yín? Àwọn ọmọ yín kì í gba omi lọ́wọ́ mi mọ́."

"Ìwọ lo mọ ohun tí o fi sínú omi."

"Òùngbẹ ń gbẹ Ìyá, mo gbé omi fún un. Kí ni ǹ bá gbé fún un?"

"Gbé òkúta yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín!"

Adúmáradán ní, "Ṣé nítorí òkúta ni?" Ìyálé ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ọkọ Adúmáradán kò lè gbójú sókè. Ó ní kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ná kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bá lé lọ nítorí àjẹ́ kì í rí ọ̀nà padà. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí láti fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ náà ni Bàbá, ọkọ Ìyá, tó ti ń ṣọ̀fọ̀ nínú yàrá láti ìgbà tó ti pàdánù aya rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń jẹ lẹ́nu fún oṣù mẹ́ta.

"Kí ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ," ló wí, "ẹ gbé àpáàdì kan wá fún mi."

Bàbá ló ń wa amọ̀ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí àpáàdì náà ti bó, ó yọ nǹkan funfun bíńtín kan níbẹ̀, ó kán omi sí i. Nǹkan náà wú, ó sì di lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìkarahun ìgbín odò," ló wí. "Bó bá ti jóná tán, tó wá fa omi díẹ̀ mu, á wú, á sì fọ́ ìkòkò. Ìdí tí èmi àti Ìyá yín ò fi wa amọ̀ létí odò rí nìyẹn. Ta ló kó yín lọ síbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyálé.

"Àwọn ẹyẹ ńkọ́, Bàbá?" ni ọ̀kan nínú ẹbí bèèrè.

"Ekòló ni wọ́n ń jẹ. Ṣé kí ebi pa wọ́n ni?"

"Ikú Ìyá ńkọ́?"

Ohùn bàbá náà rẹlẹ̀. "Àyà ló ti ń dùn ún láti ọdún méjì. Ó ní kí n má sọ. Ẹ̀yin náà ò sì bi mí, etí kànga lẹ ti lọ bèèrè."

Wọ́n tú ẹrù Adúmáradán. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì, wọ́n kàn ń wúkọ́, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyálé nìkan ló kù lórí ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ tó ti mọ ìrìn kì í fẹ́ jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, kí Ìyálé tó yọ sí etí kànga, ó gbọ́ ohùn Alágbàfọ̀.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ta ló kó odindi ilé lọ sí kòtò tó ń fọ́ ìkòkò? Ta ni inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí òkúta?"

Wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́. Ọmọ kékeré kan na ọwọ́ sí omi tí Ìyálé ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Ìyá rẹ̀ yára fà á sẹ́yìn.

Ìyálé sáré délé láìgbé omi. Adúmáradán jókòó lórí àpótí Ìyá, ó gbé ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀, ó ń fi òkúta dán an. Ìyálé kúnlẹ̀ fún ẹni tó bá a nílé ọkọ.

"Ìyàwó, jọ̀wọ́, ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Bá mi sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ, Ìyálé mi?"

"Pé n kì í ṣe àjẹ́."

Òkúta náà dúró lára ìkòkò. Omi lé ròrò sí Adúmáradán lójú.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o, Ìyálé mi," ló wí, ó sì tẹrí ba, ó ń dán ìkòkò rẹ̀ lọ.